Ibòji Tí À Ń Fi Para

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta ló kọ́kọ́ ń gbóná.
Kí àkùkọ tó parí ẹjọ́ rẹ̀, òkè ẹ̀yìnkùlé wa
ti ń mí èémí ààrò sí wa lára.
Èmi dúdú, mo ń ṣeré kiri.
Àyìnkẹ́, àbúrò mi, àfín ni:
oòrùn mọ orúkọ rẹ̀ ju olùkọ́ lọ,
iná ló sì fi ń pè é.

Yáàgbà kì í bá oòrùn jiyàn.
Láti ìgbà òjò ló ti ń gbáradì dè é:
ó ṣa èso igi òrí kí ewúrẹ́ tó jí,
ó sè é, ó sá a, ó fọ́ ọ, ó yan án, ó gún un,
ó fi omi pò ó títí apá fi wọ́,
títí ọ̀rá funfun fi léfòó bí ìkùukùu ọyẹ́.
Osùn díẹ̀ ló máa ń lọ̀ sí i.
Pupa rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn aṣọ ilé ìwé,
ọ̀gá á na pàṣán sí i: "Kí lèyí?"
"Ibòji ni, sà. Ibòji tí à ń fi para."

Mo dàgbà, mo lọ kọ́ ìmọ̀ ewé ní Àjàṣẹ́.
Mo fa oje osùn, mo yọ́ òrí sínú ìgò tín-ín-rín,
ẹ̀rọ kan ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí gba inú rẹ̀ kọjá.
Iye tó kọ jáde kò kún ọwọ́ kan.
Mo ká ìwé náà sápò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò lè délé.

Nígbà tí mo sọ ọ́, Yáàgbà ń hun imọ̀, kò gbójú sókè.
"Ta ló sọ fún ọ pé òrí nìkan ni?
Akẹtẹ̀ ńkọ́? Apá aṣọ gígùn tí mo rán ńkọ́?
Ta ló ń mú un lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́,
tó ń fi í sábẹ́ igi kajú títí ọ̀sán á fi rọ̀?
Òrí," ó ní, "torí ọwọ́ mi ni.
Bí mo bá ń fi pa á láràárọ̀, kò síbi tí n kò ní kàn:
ẹ̀yìn etí, ọrùn, ìpéǹpéjú.
Egbò tó bá hù lóru, ìka mi á mọ̀ kó tó di kókó."

Yáàgbà ti lọ báyìí.
Mo ń fi pọ́mádà ilé oògùn ránṣẹ́ láti Kútọnu,
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sẹ́fà, ìgò tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Àyìnkẹ́ ń fi pa ara, ó ń dé akẹtẹ̀ lé e.
Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Ṣábẹ̀ẹ́,
á bu òrí sí mi látẹ́lẹwọ́,
á yí ọrùn sí mi:
"Fọwọ́ wò ó fún mi, ẹ̀gbọ́n.
Wò ó dáadáa."