Ìṣó Mẹ́rin

Èmi ni mò ń lẹ ìwé mọ́ pátákó
lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Kétu.
Ìṣó mẹ́rin fún ìwé kan; méjì, bí ìṣó bá wọ́n.
Ohun tí mi ò bá lẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ò gbọ́ ọ.
Bí mo ṣe máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ìwé mẹ́ta:
Èsì ìdánwò ọlọ́dún kejì ti jáde.
Ẹ̀rọ tó ń fa omi ti dákẹ́.
Ẹ̀kọ́ lórí ọwọ́ fífọ̀, agogo mẹ́wàá, gbọ̀ngàn ńlá.
Mo lẹ méjì ìgbẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò rẹ́rìn-ín.
Kétu la wà. Odò ò sún mọ́ wa.
Àwọn tó ṣáájú wa gbẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi bó
kí wọ́n tó rí omi bu sẹ́nu.
Ọ̀gá Fágbohùn dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ,
ó fi ọwọ́ gbígbẹ ra ọwọ́ gbígbẹ:
àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò.
"Ẹ ṣe é bí ẹni pé omi ń dà."
Ọgọ́ta ọmọ ń fọ afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò mú nǹkan kan wá
àfi ìwé péńpé kan, yíǹkì búlúù:
Ẹ̀rọ ìgbọ́kàn mi sọnù. Ti bàbá mi ni.
Ẹ jọ̀ọ́. Ayọ̀ka Ṣabí, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́.
Kò ní òǹtẹ̀ ọ̀gá. Ìwé tí kò lóǹtẹ̀ kì í gun pátákó.
Mo fi ìṣó mẹ́rin kàn án.

Ọjọ́rú, àwọn onísẹ̀míjàn gbé omi dé nínú kẹ́ẹ̀gì;
iye tí wọ́n pè é, ẹ má wulẹ̀ bi mí.
Àwọn agbẹ̀bí kékeré lọ bá Ìyá Rọ́bà ní yàrá ìdánrawò,
obìnrin oníke tó ti bí ọmọ kan ṣoṣo
ní ìgbà àìmọye, láìké, láìlóògùn.
Wọ́n ń kí i kú ewu.
Ó ń wo àjà.

Ọjọ́bọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ.
Òru mọ́jú ọjọ́ náà, wọ́n gbé aboyún kan wọ ọsibítù láti ọ̀nà Ìlárá
lórí ọ̀kan nínú àwọn sẹ̀míjàn yìí, ọkọ rẹ̀ gbá a mú látẹ̀yìn.
Ọmọ yè.
Ẹ̀jẹ̀ ìyá ò dúró.
Èyí tó bá a mu ti tán nínú fìríìjì.
Wọ́n kọ ọ́ lé mi lọ́wọ́: A ń wá ẹ̀jẹ̀, irú O, kíákíá.
Mo ṣì ń tú agolo mílíìkì tí mò ń kó ìṣó sí
nígbà tí mo gbójú sókè.
Ìlà ti gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí máńgòrò.
Ta ló sọ fún wọn? Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi!
Dòsú tó gba òdo nínú ìṣirò òògùn wà lára wọn,
ó na apá, ó dijú pinpin,
ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba ọmọ nọ́ọ̀sì.
Ọ̀gá Fágbohùn náà ká apá ẹ̀wù. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù.
Ó fìbínú jókòó, kò sì kúrò níbẹ̀.
Mo ká ìwé náà sápò. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ẹtì, omi dé lójijì,
gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tí a gbàgbé láti tì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà,
a ń sáré kiri pẹ̀lú ike, pẹ̀lú bàtà rírin.
Obìnrin ọ̀nà Ìlárá jókòó, ó ní òun fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.
Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn fún mi.

Àbámẹ́ta, mò ń gbálẹ̀ yàrá ìdánrawò,
mo rí ẹ̀rọ ìgbọ́kàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Rọ́bà.
Lọ́la n ó mú un fún Ayọ̀ka.
Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ tilẹ̀kùn,
mo kì í bọ etí méjèèjì,
mo gbé ẹnu tútù rẹ̀ lé àyà ara mi.
Mi ò kàwé dé ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀.
Ẹnìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, tó ń kan ìṣó,
tí kò kánjú.