Mo Dí Ilẹ̀ Lẹ́nu

Èmi ni mo to íńtálọ́ọ̀kì sí àgbàlá Alàgbà Ṣódípẹ̀,
nítòsí kánáálì Ìtirè.
Ó ní òun ò fẹ́ẹ́ tẹ ẹrẹ̀ mọ́ láyé òun.
Ó ní kí n hú ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí n hú ewúro tí ìyàwó rẹ̀ gbìn kó tó kú,
kí n má ṣẹ́ ilẹ̀ kù, bó ṣe ìbú àtẹ́lẹwọ́.
Mo tò ó. Ó dán.
Ó sanwó mi pé, ó tún bu ẹran iléyá lé e.

Ni gbogbo àdúgbò bá ń pè mí.
Ilé mẹ́rìnlá lọ́dún kan!
Ilẹ̀ tó ń mumi bí alágbàro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé,
mo fi símẹ́ǹtì dí i lẹ́nu,
mo jẹun yó.

Òjò ò gbọ́ sí i.
Ó dé lóṣù kẹfà bó ṣe máa ń dé,
ó kanlẹ̀, kò rílẹ̀ wọ̀.
Ó dé gọ́tà, ó bá ọ̀rá omi àti bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ó dé kánáálì, ó bá ṣọ́ọ̀bù lórí rẹ̀,
àmì pupa ìjọba ti ń ṣí lára ògiri.
Ó dé àbàtà tí bàbá mi ti ń pa àrọ̀,
ilé alájà mẹ́ta ló bá níbẹ̀, géètì tì.
Àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún nílé olówó,
ṣebí yàrá wa ló kù.

Aago méjì òru ni màmá mi sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀,
omi mù ún dé orúnkún.
Kò pariwo.
“Àkàndé,” ó ní, “ta ló gbé odò wọlé?”

Mo ń gbọ́n ọn síta, ó ń gbẹ̀yìn wọlé.
Ní ìdájí, nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì,
mo rí ìyẹ̀fun òkúta tí mo máa ń tẹ́ sábẹ́ bíríkì.
Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.
N kò lè dá màmá lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Alàgbà pè: igun kan ti rì, kí n wá tún un ṣe.
Mo gbé dígà.
Mo yọ bíríkì méjìlá lẹ́bàá ògiri, n kò dá wọn padà.
“Ihò kí nìyí?”
Mo ní, “Ẹnu ni, bàbá.
Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ó mu díẹ̀.”
Ó wò mí títí.
Kò tíì sanwó.