Ẹrù Ọjọ́bọ̀

Ọ̀kadà ni mò ń gùn, Ìlúpéjú sí Ìkọ̀lé.
Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, èrò mi a máa purọ́.
Tísà Olómófẹ̀ ní báńkì lòun ń lọ,
kò mú ìwé báńkì dání.
Ìyá Fámúyìdé tó ń ránṣọ,
lóṣooṣù ni òwú dúdú ń tán mọ́ ọn lọ́wọ́,
bẹ́ẹ̀ mo rí òwú dúdú lórí ẹ̀rọ rẹ̀.
Ìyá àgbà kan ní, “Ulé ọmọ mi ni.”
N kò bi í pé ọmọ wo.
Abẹ́ igi máńgòrò kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀ sí,
ìrìn díẹ̀ sí gééètì ọsibítù.
Wọn kì í dúró gba ṣéńjì.
Ẹrù wọn kò wúwo. Ẹ̀rù ló wúwo.

Ilé ìwòsàn wà nílé o.
Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ló kọjú sí títì,
nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀, àbúrò ọkọ ẹni ni.
Fálúyì jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibà lásán ló gbé e lọ;
kí àlùbọ́sà tó pọ́n nínú epo
orúkọ rẹ̀ ti dé ìdí ọpọ́n ayò.
Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́.
Àrùn tí wọ́n pè ní kògbóògùn ti ń gbóògùn báyìí,
ẹnu ìlú ni kò gbóògùn rárá.

Èmi náà ńkọ́?
Mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú àṣíborí,
mo ní ohun tí n kò mọ̀ kò lè lé mi.
Àfi ìgbà tí Fẹ̀hìntọlá ti ibi ìtọ́jú aboyún dé,
oyún oṣù mẹ́rin,
ó ki bébà kékeré kan bọ abẹ́ àtùpà.
“Wọ́n ti yẹ̀ mí wò. Wọ́n ní kí ìwọ náà wá.”
Kò sọ ohun tí bébà sọ.
N kò bi í.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jẹun nídìí àtùpà yẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ìyá Fámúyìdé sọ̀ lábẹ́ máńgòrò,
ó lọ.
Mo yí ọ̀kadà padà sọ́nà ilé. Mo tún un yí.
Mo pa ẹ́ńjìnnì.
Nígbà tí mo dé ìdí bẹ́ǹṣì, ó rí mi,
ó sún, ó fi etí ìborùn nu àyè tó kù.
“Ta lo tún gbé wá?”
“Èmi ni.”
Ó dákẹ́ títí wọ́n fi pe ẹni méjì wọlé.
Ó ní wọn ò ní òwú dúdú lónìí.