Àwọn Tí Kò Tíì Wá Gbà Á

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà nílé wa l'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo.
Wọn ò mọ ara wọn.
Ti Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, lábẹ́ pátákó LÀMÍDÌ FÓTÒ,
ó sanra bí àpótí ẹrù,
ó ń kùn bí àgbà tó jẹun yó.
Ti Sílífá wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
Tèmi wà lókè, lẹ́bàá fèrèsé
tí mo ti ń rí páànù tó dípẹtà títí dé ọ̀nà odò.

Ilé kan, òrùlé kan,
ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fótò ìyàwó kan láti ìsàlẹ̀,
àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ni n ó sọ̀,
n ó gbé fìláàṣì há ẹnu bí ajá tó rí eegun.
Sọ̀, gùn. Sọ̀, gùn.
Lọ́jọ́ kan fìláàṣì náà kó kòkòrò wálé láti kaféè kan n'Ígbọ̀nà,
ó sọ orúkọ àwòrán gbogbo di àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.
Sílífá ní, "Ó tó gẹ́ẹ́."

Mo ra ráútà, mo ra wáyà, mo lu ògiri.
Bàbá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń gbẹ́ kànga sí pálọ̀ rẹ̀.
Ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ gan-an?"

Kò rọrùn. Ẹ̀rọ Bàbá ti dàgbà,
èdè tó ń sọ, àwọn ọmọ tuntun kì í kọ́ ọ mọ́.
Ó ń kí wọn, wọn ò dáhùn.
Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní kò sẹ́nì kankan nílé,
èmi sì ń gbọ́ kíkùn rẹ̀ tó ń gba àtẹ̀gùn gòkè bọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta. Mo yí èyí, mo tú tọ̀hún.
Mo sọ wọ́n lórúkọ: ṢỌ́Ọ̀BÙ, PÁLỌ̀, ÒKÈ,
torí ẹni tí kò lórúkọ, ta ni yóò pè é wá jẹun?

Lálẹ́ Àlàmísì, wéré, ṣọ́ọ̀bù yọjú sókè.
Mo kígbe. Sílífá kígbe.
Bàbá ní ṣé iná ló dé ni.

A wá ń pín ẹ̀tọ́.
Èyí, ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Èyí, ẹ lè fi nǹkan kún un.
Fódà ìgbéyàwó, fódà ìkómọ, fódà páásípọ́ọ̀tù,
Bàbá ń fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ilẹ̀ ẹbí.
Ó ku ọ̀kan. Ó fẹ́ kí n fò ó.
ÀWỌN TÍ KÒ TÍÌ WÁ GBÀ Á.

"Gbèsè ni," ó ní.
Mo rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀,
ó wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀,
ìka kan, lẹ́tà kan, ìmí kan.

Mo gòkè lọ wò ó.
Ọmọ iléèwé tí bàtà rẹ̀ kò bára mu.
Ìbejì, ọ̀kan ti sùn.
Awakọ̀ tó yá fìlà tó tóbi jù ú lọ dé;
Bàbá kọ ìyókù owó sábẹ́ orúkọ rẹ̀: àádọ́rin náírà.
Lẹ́yìn wọn, ÀSÀBÍ 1. ÀSÀBÍ 2. ÀSÀBÍ 3.
Ìyá wa, kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ,
lórí àga tí Sílífá ń jókòó sí títí dòní,
ó ń bínú sí ẹni tó ń ya fótò,
ẹ̀rín sì ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún, mi ò gbé nǹkankan dání.
Mo ní, "Bàbá, ọdún mọ́kànlélógún."
Ó ń nu ojú kámẹ́rà tí kò lò mọ́.
Ó ní, "Kò tíì wá gbà á ni."

Ní pálọ̀, Sílífá ti ń kó o sórí tiẹ̀ láìbèèrè,
ilà aláwọ̀ ewé náà ń rìn díẹ̀díẹ̀,
ó ti kọjá ìdajì
kí wọ́n tó mú iná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé.
Kò tíì sẹ́ni tó dìde.