Ìgbà Kẹtàlélógún

Odò kan náà ni. Ìgbà méjìlélógún la ti là á kọjá
láti àárọ̀, nínú igbó olókè Fikitóríà.
Ìyá ìyá mi, Coralie, sọ̀ kalẹ̀,
ó ká ṣòkòtò dé orúnkún,
ó fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi wò.
Òkúta ń yọ̀. Òtútù ń bù ú jẹ lẹ́sẹ̀.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, látìgbà tí Desmond
ti ń jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí,
tó ń pariwo pé, "Ọ̀tún! Fà á sọ́tùn-ún!"
"Odò ò mojú ẹnì kan," ló máa ń wí.
Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń rùn tábà.

Coralie padà dé, ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà,
ó yí i sí jíà kékeré.
Omi gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Mo di ìjókòó mú.

Lálẹ́, àgọ́ wa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Wọ́ḿbáàtì kan, ó rí roboto bí ìrọ̀rí,
wá ń jẹ koríko lẹ́bàá iná wa, kò kí wa.
Coralie bu tíì sí kọ́ọ̀pù mẹ́ta.
Ó wo ẹ̀kẹta títí,
ó dà á sódò.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ó ní.
"Lọ́la, ìwọ lo máa wà á."