Eyín Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi, Sábó ni mo ti rà á,
ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwo àgbò,
táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó fẹ́ẹ̀ ṣe é fi so ewúrẹ́.
Ẹni tó tà á ní, "Eré sísá ni wọ́n ṣe é fún."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un
pé Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́jú dé ibi iṣẹ́ mi?

Láti Tákíé, mo máa ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ.
Mo kọjá Arówómọlé, mo kọjá oko kaṣú,
mo kan Òkè Onígbá. Ayọ̀ pin.
Eyín méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwo tó tóbi jù lẹ́yìn rẹ̀.
Ọ̀dọ́ ni ìyẹn ń bá wí,
kì í ṣe èmi tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àgbàlá.

Ní ìdajì òkè, ẹni tó bá kí mi, n kò lè dáhùn.
Ìyá Adùnbí tó ń ṣẹ́gi ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, tísà,"
mo kàn ń mi orí bí alángbá.
Ó di ọ̀rọ̀ lábúlé:
a kí i, kò jẹ́; ìgbéraga ló fi ń gun kẹ̀kẹ́.
Bí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń tì í,
àwọn ọmọ ilé ìwé á tò sẹ́bàá ọ̀nà:
"Ẹ kú ìtì, sà!"

Bàbá Múníbù yí kẹ̀kẹ́ náà po lábẹ́ igi máńgòrò.
Ó ní, "Kò ṣàìsàn. Eyín ló kù fún un."
Ó tú irin tó ti dípẹtà sílẹ̀ láti inú garawa.
Rọ́fíà ọmọ rẹ̀ ń fi èékánná kà,
ó ṣì í kà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ó tún bẹ̀rẹ̀:
"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bàbá." Ó fẹ̀ bí àwo ìmùkọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ṣe é sínú erùpẹ̀:
méjìlélógójì níwájú, méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn,
ẹsẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, táyà yí lẹ́ẹ̀kan àbọ̀.
Pẹ̀lú tuntun, ẹ̀ẹ̀kan àti ìdámẹ́rin, ó tún dín díẹ̀.
Ìyàtọ̀ náà kò ju òòró ìka lọ lórí ilẹ̀.

Ti àtijọ́ kọ̀, kò fẹ́ tú.
Kẹrosíìnì rẹ ẹ́ di ìrọ̀lẹ́,
Bàbá ki páìpù bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara tì í,
irin ké gbà! bí ẹni tí wọ́n yọ lérìgì.
Ṣéènì kò wá dé mọ́.
Ó já díẹ̀ kún un lára kẹ̀kẹ́ alágbàfọ̀ kan tó ti kú.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Mo san márùn-ún.

Bàbá tèmi ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, eyín mẹ́fà ló kù lẹ́nu rẹ̀.
Mo sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ mi hu mẹ́fà tuntun.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Bi í wò fún mi, ṣé ó ti lè jẹ egungun?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dé ẹsẹ̀ Òkè Onígbá,
mo fa ọ̀pá gíà. Ṣéènì lọ́ra, ó kùn, ó fò lé e.
Ẹsẹ̀ mi ń yí kíákíá, kẹ̀kẹ́ ń rìn bí aboyún.
Ewúrẹ́ kan yà mí sílẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
"Ẹ kúuṣẹ́ o, tísà."
"Ẹ̀yin náà kúuṣẹ́, mà. Ilé ńkọ́? Adùnbí ńkọ́?
Igi yìí kò ha wúwo jù?"
Ìyá Adùnbí dúró tìdìtìdì igi lórí:
"Háà! Àṣé ó ń sọ̀rọ̀!"

A jọ ń gòkè, òun lórí ẹsẹ̀, èmi lórí kẹ̀kẹ́,
kò sẹ́ni tó yá ju ẹnìkejì lọ.
Ó sọ iye tí wọ́n ń ra kaṣú lọ́dún yìí,
ó sọ ti ọkọ Adùnbí tí kò pe ilé láti oṣù kẹta.
Òkè tán, ọ̀rọ̀ ò tán.

Mo ṣì jẹ Bàbá Múníbù ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.