Irin Tó Wúwo

Pijó bàbá mi ń ké lókè, kò rìn.
Mo tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnì bú ramúramù,
táyà ń rá pálá bí ìgbín tó jẹun yó.
Òórùn jíjóná gba inú ọkọ̀ kan.
Ìyá Bọ̀ní tó fara ti àpò gààrí béèrè
pé ta ló ń sun ìwo àgbò.
Èmi mọ̀. Àmbíréyáàsì ni.
Àwo rẹ̀ ti jẹ tán, ó dán bí orí apárí.

Bíáù nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, nídìí igi kajú,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.
Ó ní fólọ̀ǹ mi pàápàá ti jóná.
Mo di fólọ̀ǹ mú, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì,
mo ní kò sí ohun tó ṣe é.
Ẹ̀rín ta láti ilẹ̀:
"Kì í ṣe èyí tí o fi ń darí.
Òmíràn wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, àgbá irin,
ó ń yí láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kí i."

Ọwọ́ mẹ́rin la fi gbé e jáde.
Iná ti fi àpá aró sí i lójú.
Ọjọ́ orí kan náà ni èmi àti òun.

"Ká ha ojú rẹ̀, ká dá a padà," Bíáù wí,
"tàbí ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin ní Paráku,
kó bó ẹran ìdí rẹ̀ kúrò, kó fúyẹ́.
Bó bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnì rẹ á máa fò bí ìgalà.
Ṣùgbọ́n, Ọláìtán, kí lo máa ń rù?"

Mi ò dáhùn. Adéòtí ni mò ń rò,
tó ń ṣáájú mi dé Kílìbò lọ́jọ́ ọjà,
tó ń kó èrò mi, tó tún ń fi fèrè ọkọ̀ bú mi.
Mo ní kó bó o.

Àwo tuntun gba ọ̀nà Ṣakí wọlé nínú bébà olóròóró,
pẹ̀lú sípíríǹgì kan tó le
tí orúnkún òsì mi fi ń sunkún lálẹ́.

Ọjọ́ kìíní, lórí ọ̀dà títẹ́jú, ẹ bá wá wò mí!
Ẹsẹ̀ mi kò tíì rò ó tán, ọkọ̀ ti ṣe é.
Adéòtí di eruku nínú dígí mi.

Ọjọ́ kejì, igba iṣu, èèyàn mẹ́fà,
níbi tí ọ̀nà ti gun ẹ̀gbẹ́ àpáta Ṣábẹ̀ẹ́.
Mo dúró kí màlúù kọjá.
Mo tú ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kú.
Mo tún tú u. Ó kú.
Èrò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tì, wọ́n ń ṣépè,
àwọn àpáta ńlá jókòó, wọ́n ń wò wá.
Adéòtí kọjá. Kò fọn fèrè.
Ìyẹn dùn mí ju fèrè lọ.

Irin tó wúwo kì í yára bínú.
Ìrìn tó ti rìn ló ń tọ́jú sínú,
bí àgbà tó ní owó lápò,
tó bá di ibi òkè, á yá ọkọ̀ ní díẹ̀.
Bàbá mi rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó fèsì,
èmi á ti jáde kó tó yanu.

Bíáù kò bú mi. Ó ní irin tí a bó kì í hù padà.
Ó tú òmíràn lára òkú Pijó kan
tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà,
ó ha á, ó dì í, ó fi àwo líle náà sílẹ̀ fún mi.
Mo ti ń gun òkè báyìí. Mo ń dé Kílìbò lẹ́yìn Adéòtí.

Ti bàbá mi wà lẹ́bàá kànga.
Adìyẹ ń mu omi òjò nínú kòtò rẹ̀.
Lánàá ọmọ mi gbé e nàró, ó tì í:
ó yí fẹ́ẹ́, ó lẹ́wà lójú,
kò dé ìdí ìbẹ́pẹ tó fi ṣubú.